Ọmọ Ìka Kò Dọ́gba: Èsì Wa fún Àwọn Tó Fi Ìṣirò Lé Olórin Sẹ́yìn

 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí, a ti dá a sílẹ̀ ní ìpàdé kan, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àwọn èèyàn àti agogo alága kò jẹ́ ká parí rẹ̀. Nítorí náà la ṣe gbé e wá sínú ìwé ìrántí wa, níbi tí agogo kò sí.

Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀bùn olórin ní Ọjọ́ Àṣà tó kọjá. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí a kò ní dárúkọ, nítorí kò rán wa níṣẹ́. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa bá fẹ́ ṣe eré, òun ló ń ṣe orin sí i. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kámẹ́rà ya eré náà, tó di fíìmù tí a ń gbé lọ sílé wò, òun náà ló ń ṣe orin inú rẹ̀. Ìkómọ ni o, ìgbéyàwó ni o, òkú àgbà ni o, ìkíni káàbọ̀ fún àlejò pàtàkì ni o, ilé rẹ̀ la máa ń sáré lọ, ó sì lè jẹ́ pé ọjọ́ méjì péré ló kù. Ìgbìmọ̀ tó ń yan ẹni tí ẹ̀bùn tọ́ sí kó gbogbo orin rẹ̀ jọ, wọ́n fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n ró wọn pọ̀, wọ́n sì fi iye orin náà pín in. Ohun tó jáde kò tó nǹkan. Wọ́n wá gbé ẹ̀bùn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní orin kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún un ní sítúdíò, tó ń dán gbinrin. A kò bínú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà, orin rẹ̀ dára. Ìṣirò yẹn la ń bá jà.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e la ti mẹ́nu ba obìnrin ará Íńdíà kan tó ń ṣe orin sí sinimá, Usha Khanna lórúkọ rẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan béèrè pé kí ló kan ọmọ Yorùbá kan ará Íńdíà. Ẹnì kejì, tó mọ̀ nípa sinimá Íńdíà ju ọ̀pọ̀ wa lọ, sọ pé obìnrin yẹn gan-an ni ẹ̀rí tó dára jù fún ìgbìmọ̀, pé ó lé ní ogójì ọdún tó fi ṣe orin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí pàǹtírí. Arábìnrin wa kan wá fẹ́ gbè wá. Ó ní ṣebí obìnrin ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàánú rẹ̀. Ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la fẹ́ dá lóhùn, ọ̀rọ̀ ẹni tó gbè wá yẹn ló sì dùn wá jù.

Ẹni tó bá ní Íńdíà kò kan ọmọ Yorùbá Kánò, á jẹ́ pé kì í ṣe Kánò ló ti dàgbà. Àwa tó dàgbà síbí, lẹ́yìn ilé ìwé, lẹ́yìn ilé kéwú tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, sinimá Íńdíà ló tún tọ́ wa. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ rántí Plaza, ẹ rántí El Dorado. Mother India tí wọ́n ṣe ní 1957, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é ni wọ́n ṣì ń fi í hàn níbí, tí èrò sì ń kún. A kò gbọ́ Híńdì, síbẹ̀ a mọ ibi tí ìyá náà yóò ti gbé ìbọn sí ọmọ tó bí, gbogbo ilé sinimá á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn olórin bandiri ìlú yìí gba ohùn orin Íńdíà, wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìyìn Ànábì sí i. Àwọn tó ń ṣe fíìmù Haúsá náà gbà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tó ń gbọ́ orin Haúsá lójoojúmọ́ ń gbọ́ Íńdíà nínú rẹ̀ láìmọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni orúkọ ẹni tó ronú orin náà. A mọ Nargis, a mọ Dharmendra, a mọ Amitabh Bachchan bí ẹni mọ owó. Ta ló ṣe orin Mother India? Naushad ni. Ẹ bi ẹni tó jókòó tì yín bóyá ó ti gbọ́ orúkọ náà rí.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe rí kí ọ̀rọ̀ wa lè yé ara wa. Nínú sinimá Íńdíà, òṣèré tí ẹ ń wò tó ń ya ẹnu kọ́ ló ń kọrin. Akọrin mìíràn ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní sítúdíò kí wọ́n tó yà á, òṣèré kàn ń fi ètè tẹ̀ lé e ni. Lata Mangeshkar, Asha Bhosle àbúrò rẹ̀, Mohammed Rafi, Mukesh, Kishore Kumar, ohùn àwọn wọ̀nyí lọ̀pọ̀ nínú ohun tí a gbọ́ ní ilé sinimá. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tún wà lẹ́yìn akọrin, òun ló hun ohùn orin náà. Lọ́pọ̀ ìgbà ohùn orin ló ń kọ́kọ́ wà, akéwì yóò wá máa wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu. Fíìmù kan lè gba orin mẹ́fà tàbí méje. Olóòtú tó ń náwó á sọ irú èyí tó fẹ́, olùdarí náà á sọ tirẹ̀, bí ọ̀kan nínú wọn bá sì ti gbọ́ orin òyìnbó kan tó ń tà, ó lè ní kí wọ́n bá òun ṣe irú rẹ̀. Alágbàṣe ni ẹni tó ń ṣe orin. Kì í ṣe òun ló ń yan oko tó máa ro.

Iṣẹ́ ọkùnrin ni wọ́n sì kà á sí. Kí Usha Khanna tó dé, obìnrin méjì tí orúkọ wọn hàn nínú iṣẹ́ yìí ní sinimá Híńdì ni Jaddan Bai, tó ṣe orin sí Talashe Haq ní 1935, àti Saraswati Devi, tó ṣe ti Achhut Kannya ní 1936. Ẹ má fi ojú fo orúkọ àkọ́kọ́ yẹn o. Jaddan Bai ni ìyá tó bí Nargis, Nargis wa inú Mother India.

Ní ọdún 1941 ni wọ́n bí Usha Khanna ní ìlú Gwalior. Akọrin ló fẹ́ dà. O.P. Nayyar, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ tó ń ṣe orin fíìmù nígbà náà, ló mú un lọ sọ́dọ̀ Sashadhar Mukherjee, olóòtú fíìmù tó lẹ́nu gan-an ní Bombay. Ó kọrin fún un. Nígbà tí Mukherjee mọ̀ pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló ṣe orin tó kọ, ó ní kó lọ máa ṣe orin méjì lójúmọ́ fún ọdún kan gbáko. Ẹ gbọ́ o, orin méjì lójúmọ́! Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Mukherjee gbé fíìmù Dil Deke Dekho lé e lọ́wọ́. Ní 1959 tí fíìmù náà jáde, kò ju ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ. Shammi Kapoor ló ṣeré níbẹ̀, fíìmù náà ló sì sọ Asha Parekh di ìràwọ̀.

Ẹni tó bá ń fi irọ́ gbèjà èèyàn ń bà á jẹ́ ni, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ nípa fíìmù yẹn. Ohùn orin tó gba orúkọ fíìmù náà kì í ṣe tirẹ̀. Sugartime ni, orin Amẹ́ríkà tí àwọn McGuire Sisters sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1958. Nínú àwọn orin tó kù, bí ẹ bá tẹ́tí dáadáa, O.P. Nayyar ni ẹ óò máa gbọ́ lábẹ́ ìlù. A kò ní sọ pé àṣà ìgbà náà ni, ká fi bò ó. Lóòótọ́ àṣà ìgbà náà ni, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó jù ú lọ ló ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí a gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn kò di tiwa nítorí pé aládùúgbò wa náà gbà. Bó bá kù sọ́wọ́ wa, máàkì orin yẹn kò ní ga, bí Rafi tiẹ̀ kọ ọ́ títí tí ògiri fi ń jó.

Ṣùgbọ́n ọdún kan péré lẹ́yìn náà, ẹ wo ohun tó ṣe. Ní 1960, ọdún tí àwa náà gba òmìnira, fíìmù Hum Hindustani jáde. Sunil Dutt wà nínú rẹ̀, ọkùnrin kan náà tí ìyá rẹ̀ yìnbọn fún nínú Mother India. Orin kan wà níbẹ̀ tí Prem Dhawan kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, tí Mukesh sì kọ ọ́, ó ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ àná sílẹ̀, kí wọ́n wá kọ́ ìlú tuntun. Orin náà kò kú títí di òní. Bí àyájọ́ òmìnira Íńdíà bá ti dé ní 15 oṣù kẹjọ, ẹ óò gbọ́ ọ. Ìdí tí kò fi kú kò le láti mọ̀. Ohùn orin náà ń rìn bí ọmọ ilé ìwé tó ń tò wọ kíláàsì, ó ń gòkè díẹ̀, ó ń sọ̀ díẹ̀, kò sí ibi tí ọmọdé yóò dé tí èémí rẹ̀ yóò tán. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nìkan ló ń ṣe ohun tó rọrùn báyẹn. Ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún ló ṣe é, kò sì gbà á lọ́wọ́ McGuire kankan.

Ẹ tún wá gbọ́ Shabnam, ti 1964. Fíìmù olówó kékeré ni, Mehmood tí wọ́n mọ̀ sí aláwàdà ló ṣe olórí eré níbẹ̀. Ta ló ń wò ó lónìí? Ṣùgbọ́n orin ìfẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí Rafi kọ, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé àtùpà kọjá nínú afẹ́fẹ́, àwọn tó mọ Rafi kì í gbàgbé rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú Aap To Aise Na The, tó jáde ní 1980, ọdún tí Rafi kú. Ohùn orin kan ṣoṣo ni, ó sì fi í fún akọrin mẹ́ta. Rafi kọ tirẹ̀, Hemlata tó jẹ́ obìnrin kọ tirẹ̀, Manhar Udhas náà kọ tirẹ̀. Ẹ lọ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó dátà tí yóò jẹ kò tó ti fídíò ìjà tí a ń pín káàkiri lórí fóònù. Lẹ́nu Manhar ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń dúpẹ́. Lẹ́nu Hemlata ó dà bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Lẹ́nu Rafi, á jọ pé ẹni náà ti mọ̀ pé ohun tí òun ń dúpẹ́ fún kò ní pẹ́ lọ́wọ́ òun. Ohùn orin kò yí padà o. A mọ aṣọ tí ẹnì kan wọ̀ tó bá a mu, a kò rí èyí tí ẹni mẹ́ta wọ̀ tó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mu bí kò ṣe pé ọwọ́ télọ̀ náà yàtọ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kó wọ àwa tí a ń gbé nílùú onílùú lára. Yesudas, akọrin ńlá láti Kerala ní gúúsù Íńdíà, èdè Malayalam lèdè abínibí rẹ̀. Usha Khanna fún un ní orin Híńdì nínú Saajan Bina Suhagan ní 1978 àti nínú Dada ní 1979, orin méjèèjì sì wà lára ohun tó dára jù tí ọkùnrin yẹn fi èdè Híńdì kọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1970, obìnrin yìí náà ti lọ ṣe orin sí fíìmù Malayalam kan, Moodal Manju, ní èdè tí kì í ṣe tirẹ̀, Yesudas sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Àwa tí a ń fi Haúsá ná ọjà, tí a ń fi òyìnbó kọ fáìlì, tí a ń fi Yorùbá bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, a mọ ohun tó gbà kí èèyàn tó lè fi èdè ẹlòmíràn dun ẹlòmíràn létí.

Báyìí, ẹ jẹ́ ká dé orí pàǹtírí. Arákùnrin wa kò purọ́. Láti àwọn ọdún 1970 lọ, ọ̀pọ̀ fíìmù tó ń wá sọ́wọ́ obìnrin yìí jẹ́ fíìmù kékeré, owó kékeré, òṣèré tí kò lórúkọ. Ó ń gbà wọ́n. Àwa náà ti gbọ́ púpọ̀ nínú orin wọn, kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òmíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ tó dùn, àárín rẹ̀ á wá máa yí lójú kan bíi táyà tó rì sínú ẹrẹ̀. Òmíràn jẹ́ orin ijó tí ìró rẹ̀ pọ̀ ju ohùn rẹ̀ lọ. Òmíràn jọ orin tirẹ̀ tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ débi pé a lè bá a kọ ọ́ parí láìtíì gbọ́ ọ rí. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní fíìmù náà ló tálákà. A kò gbà. Ṣebí fíìmù kékeré ni Shabnam náà? Aap To Aise Na The kì í ṣe fíìmù olówó ńlá. Bó bá jẹ́ pé òṣì fíìmù ló ń ba orin jẹ́, kí ló dé tí kò bá méjì yẹn jẹ́? Orin tí kò dára kò dára, ẹni tó ṣe é ló ni ín.

Ibi tí àwa àti arákùnrin wa ti pínyà nìyí: lẹ́yìn tí a bá ti gbà pé orin burúkú pọ̀, kí ni a fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Òun fẹ́ kó wọn dà sórí orin rere, kó rò wọ́n pọ̀ bí ẹ̀kọ, kó wá tọ́ ọ wò. Ìgbìmọ̀ wa ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú wọn, nítorí ìṣirò náà kò le. Ká ní obìnrin kan ṣe orin 60. Mẹ́ta nínú rẹ̀ gba máàkì 90, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó kù gba 40 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ró o pọ̀, ó di 2,550. Ẹ fi 60 pín in, ó di 42 àti ààbọ̀. Ẹnì kan wá ṣe orin kan péré, ó gba 65. Lójú ìgbìmọ̀, ẹni tó ní 65 ló borí. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá kó ẹrù wọn kúrò ní Kánò lọ́la, orin ta ni a óò máa wá? Ta ló ń fi máàkì 42 àti ààbọ̀ gbé ìyàwó? Orin mẹ́ta tó gba 90 yẹn wà nílé ayé. Orin burúkú kò lè wọ inú wọn lọ bà wọ́n jẹ́, àfi bí a bá fi ìwé ìṣirò gbé e wọ̀ ọ́.

Ẹni tó ní orin kan, a kò tíì mọ ọ̀kan tí kò dára nínú orin rẹ̀ nítorí a kò tíì rán an níṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú ìkómọ. Ẹni tó ń lọ sódò lójoojúmọ́ ni agbè ń fọ́ mọ́ lọ́wọ́. Agbè ẹni tó jókòó sílé kì í fọ́, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ dà?

Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọ̀rọ̀ máàkì yìí dáadáa. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń gbé fọ́ọ̀mù APER fún wa láti kún tẹ́lẹ̀, ọ̀gá á sì fi ojú tirẹ̀ wò wá. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí a fi kún un. A ti rí òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ẹ̀ka tí kò sí iná, tí kò sí bébà, tí fáìlì ọdún márùn-ún sì ń retí rẹ̀ lórí ilẹ̀. Ó tún ọgọ́rùn-ún fáìlì ṣe, ogún nínú rẹ̀ wọ́, ogún yẹn ni wọ́n kọ sínú fọ́ọ̀mù. A tún rí ẹni tó jókòó sí sẹkitéríàtì lábẹ́ fáànù, tó fọwọ́ sí fáìlì mẹ́rin láàárín oṣù kíní sí oṣù kejìlá. Kò ní àṣìṣe kankan. Ta ni wọ́n gbé ga? Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tiwa, tí wọ́n ti sunkún APER lójú wa rí, tí wọ́n wá lọ kún APER fún ìyá onílé wọn.

Sí arábìnrin wa tó ní ká ṣàánú, ẹ má bínú sí wa, ṣùgbọ́n àánú yẹn ló burú jù. Ní 1983, Usha Khanna ṣe orin sí Souten, fíìmù tí Saawan Kumar Tak tó ti jẹ́ ọkọ rẹ̀ darí. Wọ́n pè é sí ìdíje ẹ̀bùn Filmfare lórí rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n pè é nìyẹn nínú gbogbo ọdún tó fi ṣiṣẹ́, kò sì gbà á, R.D. Burman ló gbà á lórí Masoom. Orin Masoom dára púpọ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé nígbà tí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n ń sọ ni pé obìnrin ni, wọn á sì dákẹ́ bí ẹni tó ti yìn ín tán. Wọ́n yìn ín nítorí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń yìn nítorí pé ó wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tẹ́tí sí ohun tó ṣe. Orin tí ẹni mẹ́ta kọ yẹn, bó jẹ́ ọkùnrin ló ṣe é, 90 ni. Bó jẹ́ obìnrin, 90 náà ni. Ẹ má ṣe fi máàkì márùn-ún kún un nítorí ìró tàbí gèlè, nítorí lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fi márùn-ún kún un lẹ ti ń sọ pé kò lè pé fúnra rẹ̀.

Ká padà sílé. Ìyá wa náà, ẹ jẹ́ ká fi ojú kan náà wò ó. Orin ìkíni káàbọ̀ tó ṣe fún àlejò kan ní ọdún méjì sẹ́yìn, orúkọ àlejò ló pọ̀ níbẹ̀ ju orin lọ. Ìgbéyàwó mẹ́ta la ti lọ tó jẹ́ ohùn orin kan náà ló kọ, tó kàn yí orúkọ ìyàwó padà, ní ẹ̀ẹ̀kẹta àwọn ọmọdé ti ń bá a kọ ọ́ kó tó dé ibẹ̀. A rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀nyí kò dára, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ó dára nítorí pé ìyá wa ni.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí fíìmù kejì tí àwọn ọ̀dọ́ wa ṣe, ibi tí ìyá kan ti dúró sí gáréèjì títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń retí ọmọ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, tí mọ́tò kò dé. Orin tó fi sí ibẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ló ń mì lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọ Igbo tó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò wa ní Sábó ń kọ ọ́ lọ lójú títì, láìgbọ́ Yorùbá, bí àwa ṣe ń kọ orin Íńdíà láìgbọ́ Híńdì. Kò sí ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ yìí tó ti rin ọ̀nà Kánò sí Ìbàdàn tí orin yẹn kò bá wí. Máàkì tí ìgbìmọ̀ fún un wà nínú ìwé tí akọ̀wé kà sí wa létí: 70. A bi wọ́n léèrè ìdí, wọ́n ní gbígbà sílẹ̀ rẹ̀ kò mọ́.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ka èsì náà, ìyá yẹn kò ṣe orin fún wa mọ́. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní ọ̀fun ń dun òun. Fíìmù tí àwọn ọ̀dọ́ wa yà lẹ́yìn náà, ẹ ti wò ó. Orin inú rẹ̀, orí fóònù ni wọ́n ti yọ ọ́, ti akọrin kan tí kò mọ̀ wá, tí a kò sì tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí wọ́n ṣe ní orílẹ̀-èdè yìí ní 2022 wà fún irú rẹ̀. Ó dán gbinrin. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, tó jẹ́ pé inú irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá tí kì í ṣe ìbáwí, wò ó tán, kò sí ohun tí wọ́n kọ jáde lẹ́nu. A ṣọ́ wọn. Wọ́n jáde, wọ́n ń kọ orin mìíràn.

A ti kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ alákòóso pé kí wọ́n tún ẹ̀bùn náà yẹ̀ wò, pé lọ́dún tó ń bọ̀ kí wọ́n fi orin márùn-ún tó dára jù lọ́wọ́ olórin kọ̀ọ̀kan dá a lẹ́jọ́, ẹni tí kò bá sì tíì ní márùn-ún kó lọ ṣe sí i. Bí olórin bá ní èyí tí kò dára, kí wọ́n sọ fún un ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì sọ èyí tó jẹ́ gan-an. Wọn kò tíì dá wa lóhùn. Ní ìpàdé tí yóò tẹ̀ lé àjọ̀dún yìí, a ó gbé rédíò wá sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Orin mẹ́ta ti Usha Khanna la ó kọ́kọ́ fi sí i, ọ̀kan nínú pàǹtírí rẹ̀ á tẹ̀ lé e kí arákùnrin wa má bàa ní a fi nǹkan pamọ́. Lẹ́yìn náà ni orin gáréèjì. Ìgbìmọ̀ náà lè mú ẹ̀rọ ìṣirò wọn dání.